Ọwọ́ ọ̀tún ló ń wẹ òsì: bí D3 ṣe di RD2 nínú ìjà pẹ̀lú àìsàn Alzheimer

Ìlẹ̀kẹ̀ méjìlá ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní ẹ kó ìlẹ̀kẹ̀ méjìlá lé mi lọ́wọ́, márùn-ún bára mu, méjì tún bára mu, méjì mìíràn náà bára mu, mẹ́ta tó kù kálukú wọn dá yàtọ̀, tẹ́ ẹ wá ní kí n sín wọn sórí okùn kan ní gbogbo ọ̀nà tó bá ṣeé sín, mo ti jókòó ṣírò ẹ̀, ọ̀nà 997,920 ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń pè ní D3. Òmíràn ni RD2. Ìlẹ̀kẹ̀ kan náà, iye kan náà, bí wọ́n ṣe tò wọ́n nìkan ló yàtọ̀, RD2 yìí, oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò, ló sì ti dé ẹnu àwọn tí àìsàn Alzheimer ń bá jà. Bó ṣe débẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, torí ó pẹ́ tí mo ti ń tọpa ẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó sọ ọ́ lédè wa látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti àìsàn yẹn fúnra ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí àgbàlagbà bá ń bi èèyàn ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, a ó ní ó ti ń ṣarán, ọjọ́ orí ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tó ń fà á. Lọ́dún 1906, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Alois Alzheimer dìde níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ìlú Tübingen, ó sọ ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan, Auguste Deter, tí ìrántí ẹ̀ ti lọ pátá kó tó kú. Nǹkan kan ti dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ náà, òmíràn sì ti lọ́ pọ̀ bí òwú nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Ó di 1984 kí Glenner àti Wong ní Amẹ́ríkà tó yọ èyí àkọ́kọ́ yẹn jáde tí wọ́n sì ka ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀: prótíìnì kékeré kan ni, amyloid-beta, èyí tó burú jù nínú ẹ̀ kò ju amino acid 42 lọ lórí okùn. Amino acid yẹn ni mo ń pè ní ìlẹ̀kẹ̀ o, òun ni wọ́n fi ń sín gbogbo prótíìnì, tí okùn náà bá wá kúrú, peptide ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tó bá sì rò pé àìsàn òyìnbó ni, ẹ ṣe sùúrù. Láti ọdún 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àtàwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ n'Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ti ń tọpa àwọn Yorùbá tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 1.15 ni Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan n'Ìbàdàn, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ó jẹ́ 2.52. Ó kéré lọ́dọ̀ wa lóòótọ́, àmọ́ ó wà.

Bí amyloid ṣe ń dì yẹn, ẹni tó bá ti ro àmàlà rí á yé e. Èlùbọ́ kúnná, omi hó dáadáa, gbogbo nǹkan ń lọ, àfi kẹ́ ẹ ṣàdédé rí kókó kan, tẹ́ ẹ bá tètè fi omorogùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò á yọ́, tẹ́ ẹ bá gbójú kúrò á le síbẹ̀. Ibi tí ti ọpọlọ fi burú ju ti àmàlà lọ ni pé kókó amyloid máa ń ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bíi tòmátò kan tó jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀. Prótíìnì tó wà jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀, kó ṣáà ti fara kan kókó yẹn, òun náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, á lẹ̀ mọ́ ọn, kókó á tóbi, á fọ́ sí méjì, méjèèjì á tún máa wá tiwọn kiri. Kókó ńlá ńlá ni Alzheimer rí lábẹ́ maikirosíkóòpù, kókó ńlá yẹn náà sì ni gbogbo èèyàn lé fún ọ̀pọ̀ ọdún torí òun lojú rí. Àmọ́ kókó kéékèèké wà, oligomer ni wọ́n ń pè é, ìwọ̀nba prótíìnì díẹ̀ ló so pọ̀ níbẹ̀, ó ṣì ń léfòó kiri, ó ń dé ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń bá èkejì sọ̀rọ̀, ó ń bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ olùwádìí gbà báyìí pé èyí kékeré ló léwu jù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló gbé ọ̀rọ̀ RD2 dúró.

Ṣé kò wá sí ohun tó lè lọ dí kókó yìí lọ́wọ́ ni? Lọ́dún 1996, Lars Tjernberg àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Karolinska, Stockholm, rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún kan wà láàárín amyloid fúnra ẹ̀, KLVFF, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni prótíìnì kan ti ń di èkejì mú, wọ́n bá gé márùn-ún yẹn lọ́tọ̀, wọ́n dà á sínú omi pẹ̀lú amyloid, ó sì dí i lọ́wọ́. Olùwádìí mìíràn, Claudio Soto, náà ṣe tiẹ̀, ó ti ìlẹ̀kẹ̀ proline bọ àárín irú okùn bẹ́ẹ̀, torí proline jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó wọ́, kì í jẹ́ kí okùn tẹ́ pẹrẹsẹ, ọdún 1998 ni wọ́n sì tẹ èsì ẹ̀ lára eku jáde. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidi. Àmọ́ ìṣòro kan ló ń dá gbogbo irú peptide bẹ́ẹ̀ dúró: tẹ́ ẹ bá gbé e mì, ẹran lásán ni lójú inú, sísọ́ọ̀sì ara wa, enzyme ni wọ́n ń pè é, tó ń gé ẹran àti ẹ̀wà nínú ikùn àti nínú ẹ̀jẹ̀ á gé òun náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ kó tó rìn jìnnà, ká má tíì wá sọ pé ó fẹ́ dé ọpọlọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún ti wọlé. Amino acid, oríṣi méjì ló lè jẹ́, àfi glycine nìkan tí kò ní òsì tí kò ní ọ̀tún. Bí ọwọ́ méjèèjì ṣe rí náà ni, ìka márùn-ún ìka márùn-ún, àtàǹpàkò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ìbọ̀wọ́ òsì, ẹ ó rí i pé kò ní gbà. Gbogbo ohun abẹ̀mí, èèyàn, ewúrẹ́, ẹ̀wà, ẹja inú odò, tòsì ni wọ́n fi ń kọ́ prótíìnì wọn. Òsì tí wọ́n ní ká má fi gbé nǹkan fún àgbà! Òun ni wọ́n fi mọ gbogbo wa. Torí náà tòsì ni wọ́n ṣe sísọ́ọ̀sì inú wa fún, tẹ́ ẹ bá gbé peptide tí wọ́n fi kìkì ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀tún sín síwájú ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ò ní bá a. Oògùn á wá kọjá láìfarapa.

Àmọ́ báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èwo nínú okùn ọ̀tún ló máa di amyloid mú? Okùn oníìlẹ̀kẹ̀ méjìlá, tí oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ sì jẹ́ ogún, ọ̀nà tó wà níbẹ̀ lé ní tírílíọ̀nù 4,000. Kò sẹ́ni tó lè sín in lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n sábà máa ń lò láti yan irú okùn bẹ́ẹ̀ ni phage, fáírọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé inú bakitéríà, wọ́n á ki okùn sí i lórí, okùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún phage kọ̀ọ̀kan, bílíọ̀nù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìgò tó kéré ju ìka lọ. Phage náà ohun abẹ̀mí ni àbí, tòsì nìkan lòun náà mọ̀ ọ́n kọ́. A ti tún há.

Ẹ dúró síwájú jígí, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín, kẹ́ ẹ bọ ara yín lọ́wọ́. Ẹ wo inú jígí: àwọn méjì tó wà níbẹ̀ náà ń bọra lọ́wọ́, bẹ́ ẹ ṣe di ara yín mú gírígírí làwọn náà ṣe dira mú, kò fi nǹkan kan dín. Ọgbọ́n tí Peter Kim àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996 nìyẹn, òun náà sì ni Dieter Willbold àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Jülich lórílẹ̀-èdè Jámánì gbé wá síbi ọ̀rọ̀ Alzheimer. Amyloid tó wà nínú èèyàn, tòsì ni. Wọ́n bá fi kẹ́mísírì kọ́ ẹ̀dà ẹ̀ lọ́tùn-ún, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ 42, ohun tí kò sí nínú ẹ̀dá kankan. Wọ́n so ó mọ́ ìdí àwo kékeré. Wọ́n da omi tí phage pọ̀ nínú ẹ̀ lé e lórí, wọ́n fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ṣan án. Èyí tí kò di nǹkan kan mú bá omi lọ. Èyí tó dì í mú gírígírí ló kù sílẹ̀, wọ́n tú wọn, wọ́n kó wọn sára bakitéríà kí wọ́n bí sí i, wọ́n tún dà wọ́n padà sínú àwo tuntun, wọ́n tún ṣan án, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi ku àwọn alágídí. Wọ́n ka DNA àwọn tó kù láti mọ bí ìlẹ̀kẹ̀ orí wọn ṣe tò, wọ́n sì lọ sín okùn yẹn gan-an pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀tún. Okùn òsì ló di amyloid ọ̀tún mú nínú àwo, torí náà okùn ọ̀tún gbọ́dọ̀ di amyloid òsì mú nínú èèyàn. Jígí ò purọ́. Mo rántí ọjọ́ tí èyí yé mi, mo dìde kúrò lórí àga ni.

Lọ́dún 2003 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ irú ẹ̀ jáde, àmọ́ D3 ló wá di ìlú mọ̀ọ́ká láàárín wọn. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀ ṣe tò nìyí, lẹ́tà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: RPRTRLHTHRNR. R yẹn ni arginine, márùn-ún ló wà níbẹ̀, kálukú ẹ̀ ló sì gbé iná mànàmáná pọ́sítíìfù dání. Ẹ wá wo òdìkejì, nínú ìlẹ̀kẹ̀ 42 ti amyloid, mẹ́fà ló gbé nẹ́gátíìfù, mẹ́ta péré ló gbé pọ́sítíìfù dáadáa, tẹ́ ẹ bá ro ó pọ̀, nẹ́gátíìfù ló borí. Wọ́n fa ara wọn nìyẹn. Orúkọ ọmọ Yorùbá kan sì wà nínú ìwé tó yẹ èyí wò, inú mi dùn dé bi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì: Olujide Olubiyi, òun àti Birgit Strodel ní Jülich, lọ́dún 2012 wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé amyloid àti D3, wọ́n ń wo átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan bí D3 ṣe ń sún mọ́ prótíìnì náà àti bí ìrísí prótíìnì náà ṣe ń yí. Nígbà tó di 2014 wọ́n tún padà wá, àwọn àti Willbold, sórí àwọn peptide ọ̀tún tí arginine pọ̀ lára wọn. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń ka kẹ́mísírì tẹ́ ẹ rò pé irú iṣẹ́ yìí ò kàn wá, ẹ wá orúkọ yẹn kà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan eku. Eku tí wọ́n ti fi jíìnì èèyàn sí lára ni, kí amyloid lè máa dì nínú ọpọlọ ẹ̀. Lọ́dún 2008, àwọn ará Jülich àti Thomas van Groen ti Yunifásítì Alabama ní Birmingham tẹ èsì àkọ́kọ́ jáde: wọ́n fi pọ́ǹpù kékeré tú D3 sínú ọpọlọ eku tààrà, kókó ńlá dín kù. Ó dára, àmọ́ ta ló fẹ́ gbẹ́ orí ìyá ẹ̀ kó lè fi pọ́ǹpù sí i? Èsì ọdún 2010 ló ṣe pàtàkì sí mi, torí inú omi mímu ni wọ́n po D3 sí lọ́tẹ̀ yìí. Eku ń mu omi ẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n gbé e sínú agbada omi ńlá kan, pèpéle kékeré kan fara pamọ́ lábẹ́ omi níbẹ̀, eku tí orí ẹ̀ bá pé á lúwẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà mélòó kan torí ó rántí ibi tó wà, eku tí àìsàn ti mú á kàn máa yí po. Àwọn tó mu D3 ṣe dáadáa ju àwọn tí kò mu ún lọ. Peptide tó gba ẹnu wọlé, tí sísọ́ọ̀sì inú ò rí ge, tó sì hàn nínú ìwà ẹranko náà!

Wọn ò dúró síbẹ̀. Wọ́n bi ara wọn pé ṣé bí ìlẹ̀kẹ̀ yìí ṣe tò lórí D3 ló dára jù, àbí phage kàn ṣèèṣì mú un wá. Wọ́n bá kó arginine márààrún jọ sí ìdí okùn, wọ́n to àwọn yòókù síwájú: PTLHTHNRRRRR. RD2 nìyẹn. Láti mọ̀ bóyá ó sàn, wọ́n po ó mọ́ amyloid, wọ́n dà á sórí omi oníwúwo inú túùbù, wọ́n sì fi ẹ̀rọ yí i pẹ̀lú eré tó le gan-an, kí nǹkan inú ẹ̀ tò ní ìpele ìpele bí ògì ṣe ń sílẹ̀ tí omi ẹ̀ ń dúró lókè: ẹyọ kọ̀ọ̀kan lókè, kókó kéékèèké láàárín, kókó ńlá nísàlẹ̀. Wọ́n wá bu ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọn iye amyloid tó wà níbẹ̀. RD2 kó ìpele kókó kéékèèké lọ.

Bó ṣe ń ṣe é gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Kò fọ́ nǹkan kan. Ẹyọ amyloid tó ń dá rìn ló ń dì mú, ó ń mú un dúró bó ṣe wà, ní títú sílẹ̀, kó má baà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ ronú nípa àwọn ọmọ iléèwé tó kóra jọ tí wọ́n fẹ́ jà: tẹ́ ẹ bá ń fa ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ò nílò kóbókò, èrò á tú fúnra ẹ̀. Bí ẹyọ kan ṣe ń bọ́ lára kókó, RD2 á gbà á, òmíràn á tún bọ́.

Lọ́dún 2017 èsì tó yẹ kí gbogbo wa jókòó tì jáde. Wọ́n fún eku ní RD2, ìrántí wọn sàn sí i, nígbà tí wọ́n wá la ọpọlọ wọn wò, kókó ńlá ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Kò yí padà. Ẹ tún un kà. Ohun tí Alzheimer rí ní 1906, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ oògùn ti náwó nára lé lórí, kò kúrò, eku náà sì ń rí ọ̀nà ẹ̀ nínú omi. Lójú tèmi, èyí ló sún mọ́ ẹ̀rí jù nínú gbogbo ìtàn yìí pé èyí kékeré ló ń ba ìrántí jẹ́, ó sì jẹ́ kó yé mi ìdí tí oògùn mélòó kan fi ń gbá ìdọ̀tí ńlá kúrò nínú ọpọlọ tí aláìsàn kò fi mọ ìyàtọ̀. Lọ́dún 2019 wọ́n tún gbìyànjú ẹ̀ lára eku arúgbó tí àìsàn ti jinlẹ̀ lára wọn, níbẹ̀ náà, ìrántí wọn padà bọ̀ sípò.

Mo mọ̀ pé eku kì í ṣe èèyàn. Jíìnì tí wọ́n fi sí wọn lára, apá kan àìsàn náà ló ń mú wá, òwú lílọ́ inú sẹ́ẹ̀lì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, prótíìnì tau nìyẹn, kì í sí lára irú eku yẹn bó ṣe ń wà lára wa. Ọ̀pọ̀ oògùn ló ti wo eku sàn tó sì kùnà lára èèyàn. Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mi ò fi gbójú kúrò. Ìyá àgbà tó tọ́ mi, ní ọdún mẹ́ta tó lò kẹ́yìn, ìró àdìrẹ kan wà tó máa ń ká, á tú u, á tún un ká, látàárọ̀ dọ̀sán, etí ìró yẹn ti gbó nítorí ìka ẹ̀, tá a bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Àǹtí mi ló ń tọ́jú ẹ̀, òun nìkan, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ń bójú tó. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó wà báyìí, lecanemab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pátápátá lọ́dún 2023, wọ́n dán an wò lára aláìsàn 1,795, láàárín oṣù 18 ó dín bí àìsàn náà ṣe ń burú kù ní ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, mo gbà. Àmọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí níbẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì méjì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ya fọ́tò ọpọlọ pẹ̀lú ẹ̀rọ MRI torí ó lè mú ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ sọ fún mi, báwo ni àǹtí mi ṣe fẹ́ máa gbé ìyá lọ síbi MRI láàárín títa ọjà? Oògùn tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n á fi lò ó nílé, èèyàn bíi tiẹ̀ ló ṣe wúlò fún.

Wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti inú iṣẹ́ Jülich, Priavoid, orúkọ tí RD2 ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn ni PRI-002. Àwọn tára wọn dá ni wọ́n kọ́kọ́ fún, ọdún 2020 ni wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó tó miligíráàmù 320, tàbí 160 lójoojúmọ́, ara wọn gbà á, oògùn náà sì wọ ẹ̀jẹ̀ láti ẹnu. Ó wá kan ogún èèyàn tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn, nǹkan bí oṣù kan, ìyẹn náà lọ láìséwu. Ogún èèyàn ò tó sọ pé oògùn ń wo ìrántí, ààbò nìkan ni wọ́n lè fi wò.

Ìpele kejì ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, àwọn kan ń gba PRI-002, àwọn kan ń gba èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, aláìsàn ò mọ èwo lòun ń lò, dókítà tó ń kó o fún un náà ò mọ̀. Tí èsì bá jáde, ojú ewé tí wọ́n kọ máàkì ìrántí sí ni mo máa kọ́kọ́ ṣí, kí n tó wo fọ́tò kókó ńlá kankan.